Káàdì tí kì í gbé ẹnì kan ṣoṣo

Fún ọdún mọ́kànlá gbáko, ara ìlẹ̀kùn fíríìjì ni èmi àti Bàbá Ìbejì ti ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Kí aago mẹ́rin ìdájí tó lù, ó ti jáde lọ wa bọ́ọ̀sì. Aago mẹ́jọ ààbọ̀ ni èmi máa ń wọlé láti ilé ìwòsàn tí mo ti ń ṣiṣẹ́ alẹ́. Bébà kékeré ni a fi ń ránṣẹ́ síra wa. "Kẹ́hìndé ń wúkọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó mu omi tútù." "Mo ti sanwó iná, ìwé rẹ̀ wà lábẹ́ Bíbélì." "Ẹ̀wà wà nínú ìkòkò, o kàn máa gbé e kaná ni." Ibi tí ó sùn sí á ti tutù kí n tó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Abẹ́ òrùlé kan náà ni a wà ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n bí a bá fi ojú kan ara wa fún wákàtí mẹ́ta lójúmọ́, a ti gbìyànjú.

Àwọn ènìyàn máa ń bi wá pé kí ló dé tí àwa méjèèjì fi fẹ́ràn ìrìn àjò tó ń pẹ́ lọ́nà. Wọ́n ní ṣebí bàálù wà, ó yá, owó rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ wọ́n. Ara fíríìjì yẹn ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ní 2003, a fẹ́ lọ wo Paris. Páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ló wà lọ́wọ́ wa, ilé iṣẹ́ aṣojú ìjọba kan sì kọ̀ wá ní físà lẹ́ẹ̀mejì. Owó tí a san kò padà. Nọ́ọ̀sì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ọmọ Skọ́tílándì, ló wí fún mi pé, "Ẹ wá sí ìlú tiwa, kò sẹ́ni tí yóò bi yín ní físà." Bí a ṣe ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin alẹ́ tó ń ti tẹ́ṣàn Euston ní Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Fort William ní Skọ́tílándì nìyẹn. A kó àwọn ìbejì lọ sílé ẹ̀gbọ́n mi ní Luton, mo se mọ́ínmọ́ín, mo din ẹja, ó di ọ̀nà.

Rélùwéè kò ṣàjèjì sí mi. Ọmọ Ọ̀fà ni mí, tẹ́ṣàn ni ìyá ìyá mi ti ń ta ẹ̀kọ. Irin tó ti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, tó sì dé Kánò ní 1912, ìlú wa ló gbà kọjá kó tó lọ sọdá odò Ọya ní Jẹ́bà. Fèrè ọkọ̀ ni a fi ń mọ àkókò nílé wa. Ìjẹ̀bú-Igbó ni wọ́n ti bí Bàbá Ìbejì ní tirẹ̀, rélùwéè kò sì débẹ̀. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta kó tó sùn nínú ọkọ̀ ojú irin.

Sùn kọ́ o. Kò sùn rárá. Yàrá bíńtín ni wọ́n fún wa, bẹ́ẹ̀dì méjì lórí ara wọn, èmi lókè, òun nísàlẹ̀. Ní gbogbo òru, bí ọkọ̀ bá ti fẹ́ dúró, mo ń gbọ́ tí ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ń tẹ pákó ìdí bẹ́ẹ̀dì. Ó ń bá wọn tẹ búréèkì. Nígbà tí a dé Edinburgh ní ìdájí, wọ́n tú ọkọ̀ gígùn náà sí mẹ́ta, ọ̀kan forí lé Aberdeen, ọ̀kan forí lé Inverness, tiwa ń lọ Fort William. Bí wọ́n ṣe ń já a ni ara ọkọ̀ ń mì, ọkọ mi sì dìde jókòó. "Ìyá Ìbejì, ta ló ń wa eléyìí?"

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ dáadáa, orí Rannoch Moor la wà. Àbàtà ni gbogbo ibẹ̀, ó tẹ́ lọ salalu, kò sí ilé, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí igi. Àwọn tó la ọ̀nà irin yẹn, tí wọ́n ṣí i ní 1894, kò rí ilẹ̀ líle tí wọ́n máa gbé irin lé. Gbòǹgbò igi àti ìdì ẹ̀ka ni wọ́n kó sórí irà náà, wọ́n da yẹ̀pẹ̀ àti eérú lé e, irin sì léfòó lórí rẹ̀ títí di òní. Lẹ́yìn ibẹ̀ ni Corrour, tẹ́ṣàn tó ga jù lọ lójú irin ńlá Bìrìtéènì, 408 mítà sókè òkun. Kò sí títì gbogboògbò tó débẹ̀. Àgbọ̀nrín mẹ́ta dúró, wọ́n ń wò wá.

Ibẹ̀ ni ọkọ mi ti la ẹnu. Wọ́n sin bàbá rẹ̀ ní 2001, nígbà tí páásípọ́ọ̀tù wa kò sí lọ́wọ́ wa, kò sì lè lọ. Èmi rò pé ó gbàyè níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà ni. Kò gbàyè. Ó ní òun wa bọ́ọ̀sì títí ilẹ̀ fi ṣú, òun ń dúró ní gbogbo ibùdókọ̀, òun ń ṣílẹ̀kùn, òun sì ń fọkàn bá wọn lọ: wọ́n ti gbé pósí jáde báyìí, wọ́n ti dé ṣọ́ọ̀ṣì báyìí, wọ́n ti ń bu yẹ̀pẹ̀ báyìí. Ọdún méjì ló fi gbé e mọ́ra. Kò fi pa mọ́ fún mi o. Àyè tí a ó ti sọ ọ́ ni kò sí, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò sì ṣe é kọ sára fíríìjì. Mọ́ínmọ́ín tutù lọ́wọ́ wa lọ́jọ́ náà, a kò rántí jẹ ẹ́.

Láti ìgbà náà, a kì í jẹ́ kí ọdún kan kọjá lásán. A ti gba orí Glenfinnan, afárá olójú 21, lọ sí Mallaig. A ti gba orí Ribblehead, olójú 24, láàárín Settle àti Carlisle. Nígbà tí a di ọmọ onílùú ní Bìrìtéènì, a wọ Eurostar, ọkọ̀ ojú irin tó ń gba abẹ́ òkun lọ sí Faransé, ní tẹ́ṣàn St Pancras, ó lé díẹ̀ ní wákàtí méjì, a ti dé Paris. Paris dára, ṣùgbọ́n ọ̀nà rẹ̀ yá jù fún wa.

Ní 2014 ni wọ́n gbé káàdì kan jáde tí wọ́n ń pè ní Two Together. Àwòrán ẹni méjì ló wà lára rẹ̀, ó sì ń yọ ìdá kan nínú mẹ́ta kúrò nínú owó ọkọ̀ ojú irin. Láàárín ọ̀sẹ̀, ó di aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ àárọ̀ kó tó ṣiṣẹ́. Òfin rẹ̀ tí mo fẹ́ràn jù ni pé ẹni méjèèjì gbọ́dọ̀ jọ wọ ọkọ̀. Bí ẹnì kan bá dá lọ, káàdì náà ti di bébà lásán. Bàbá Ìbejì pé 60 ní 2016, ó lẹ́tọ̀ọ́ sí káàdì àgbà tí yóò máa gbé òun nìkan. Mo ní kó lọ gbà á. Ó wò mí títí, ó ní, "Níbo ni mo fẹ́ dá lọ?"

Ó fẹ̀yìn tì ní 2018, a sì ra campervan àlòkù. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ọkọ̀ bíi dánfó ni, àmọ́ bẹ́ẹ̀dì, sítóòfù gáàsì, fíríìjì kékeré àti táǹkì omi wà nínú rẹ̀. Bátìrì méjì ló ní, ọ̀kan fún ẹ́ńjìnnì, ọ̀kan fún iná àti omi. Ilé ìgbẹ́ rẹ̀ jẹ́ àpótí tí a ń fà yọ lọ dà síbi tí wọ́n yàn. Bàbá Ìbejì ló ń dà á, èmi ni mo ń fọ ìkòkò, àdéhùn wa nìyẹn. Káàdì wa àkọ́kọ́, tí ọjọ́ rẹ̀ ti tán, ni mo lẹ̀ mọ́ òkè gíláàsì iwájú.

Ìwúwo ni ohun tí a kọ́kọ́ kọ́. Ọkọ̀ wa kò gbọdọ̀ ju 3,500 kílò lọ, wọ́n sì ń ka ohun gbogbo mọ́ ọn: omi, gáàsì, àwa fúnra wa. Líta omi kan, kílò kan ni. Ìgbà àkọ́kọ́ tí a gbé e gun ìwọ̀n, ó fi 120 kílò kọjá. Bàbá Ìbejì tú inú ọkọ̀ wò, ó bá iṣu, àpò gaàrí, epo pupa àti odó. "Ìyá Ìbejì, ṣé a ń kó lọ sóko ni?" Mo sọ odó kalẹ̀, mo sọ iṣu kalẹ̀. Gaàrí kò kúrò níbẹ̀. Láti January 2021, òfin mìíràn tún dé: ẹran àti wàrà kò gbọdọ̀ bá ọ ti ibí wọ Faransé, iṣu tútù ń fẹ́ ìwé, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀ fún wa. Ọjọ́ tí a lè lò lọ́hùn-ún kò sì gbọdọ̀ ju 90 lọ nínú 180.

Oṣù Kẹta 2023 ni a forí lé Lagos. Kì í ṣe Èkó o. Lagos kan wà ní gúúsù Pọ́túgàl, létí òkun, orúkọ kan náà tí àwọn Potogí fún Èkó, ọ̀rọ̀ wọn tó túmọ̀ sí adágún omi. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ dé ibẹ̀.

Ní Folkestone, a ti gáàsì pa, ọkọ mi sì wa ọkọ̀ wa wọ inú ọkọ̀ ojú irin. Ihò tí ọkọ̀ ojú irin náà ń gbà lọ sí Faransé gùn tó 50 kìlómítà, nǹkan bí 38 nínú rẹ̀ wà lábẹ́ òkun. Ìṣẹ́jú 35 ni a fi kọjá. Láti Calais, ó ju 2,000 kìlómítà lọ, a gba Bordeaux, a gba Burgos, a gba Salamanca. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń gbà lọ́hùn-ún bíi ti ilé. Bàbá Ìbejì ní ọwọ́ òun rántí kí orí òun tó rántí. Nígbà tí a dé, ó pe àbúrò rẹ̀ ní Súrùlérè. "Mo ti wọ Lagos." Ìyẹn pariwo, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò sọ fún wa, à bá wá pàdé yín ní Ìkẹjà!" A rẹ́rìn-ín títí.

Lọ́jọ́ kejì ni a rìn wọ ìlú. Níbẹ̀, ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ 1444, ni ọkọ̀ òkun ti kó ènìyàn 235 gúnlẹ̀, àwọn tí wọ́n jí gbé létí òkun tó wà ní Mọriténíà òde òní. Ọmọọba Henrique wà lórí ẹṣin, ó ń wo bí wọ́n ṣe ń pín wọn, ìdá kan nínú márùn-ún jẹ́ tirẹ̀. Akọ̀wé ìtàn ọba wọn ló kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n ya ọmọ kúrò lára bàbá, wọ́n ya aya kúrò lára ọkọ, àwọn ìyá sì ń fi ara bo ọmọ wọn mọ́lẹ̀ kí wọ́n má bàa gbà á. Ní 2009, wọ́n ń gbẹ́lẹ̀ láti kọ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí lẹ́yìn odi ìlú àtijọ́, wọ́n bá egungun àwọn ọmọ Áfíríkà tó ju 150 lọ, níbi tí wọ́n ti ń da pàǹtírí sí láyé ọjọ́un. Ó dà bí ẹni pé wọ́n de àwọn kan lọ́wọ́.

Àwa náà, ibi ìgbọ́kọ̀sí ni a ń wá nígbà tí a wọ ìlú náà.

Wọn kì í ṣe ọmọ Yorùbá, àwọn ti 1444 yẹn, n kò sì ní ẹ̀tọ́ kankan lórí ẹkún wọn. Ṣùgbọ́n ìyá ìbejì ni mí. Mo padà sínú ọkọ̀, mo bu omi tútù nínú táǹkì wa, mo sì lọ dà á sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ odi náà, èmi ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o" nìkan ni Bàbá Ìbejì rí sọ. Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú, kò sì fi í sílẹ̀ títí a fi dé ìdí ọkọ̀.

A kò dúró pẹ́ mọ́ níbẹ̀. Nígbà tí a padà dé Salamanca, ilẹ̀ ti ń ṣú, ojú ọkọ mi sì ti ń ṣe bàìbàì lálẹ́ láti bí ọdún kan. Mo ti gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ ní 2019, lẹ́ni ọdún 57, ṣùgbọ́n ìgbàkígbà tí mo bá wakọ̀, ńṣe ni ó máa ń lajú sílẹ̀ kedere lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa tẹ ilẹ̀ ọkọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, n kò tíì bèèrè tó fi kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́. Mo kọrí sí ọ̀nà Burgos. Kò pẹ́ tí a kọjá Valladolid ni mo gbọ́ tí ó ń hanrun. Mo yọjú wo ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀. Ó nà án gbalaja, kò mira. Mo rọra ń wa ọkọ̀ lọ, mo sì pa rédíò.