Ọjọ́ tí mo sẹ́ ọ̀rọ̀ ara mi ní Mọ́kọ́lá
Ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹfà ọdún 2022, nídìí ìsọ̀ oníwèé ìròyìn. Rédíò ń ka èsì ìbò abẹ́lé APC fún olùdíje ipò ààrẹ láti Àbújá, èmi náà ń kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́. Èmi yìí kan náà ni mo kọ ọ́ síta lánàá rẹ̀ pé Ọ̀ṣínbàjò ni yóò gba ipò kejì. Tinúbú 1,271. Amaechi 316. Ọ̀ṣínbàjò 235. Ha! Mo yáa pa fóònù.

Bàbá kan tó ti ń pariwo "Èmi ló kàn!" láti àárọ̀ (wọn ò ra ìwé kankan o) wojú mi: "Ìwọ ọmọ yìí, ṣebí ìwọ lo kọ tàná?"

Mo ní, "Rárá o, bàbá."

Oníwèé ìròyìn bú sẹ́rìn-ín: "Bọ̀dá, ẹ̀yin náà mà ni. Ẹ tiẹ̀ kà á sí mi létí!"