Èyí tó bá bọ́ sí i

Ọ̀rọ̀ kan ni mo gbọ́ láàárọ̀ yìí tí kò jẹ́ kí oúnjẹ lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Kì í ṣe èmi ni wọ́n ń bá wí o. Mò ń bọ̀ láti ibi tí mo ti lọ ra èlùbọ́, mo gba ẹ̀gbẹ́ pápá iléèwé tó wà ní Òkè-Ẹlẹ́rìn kọjá. Kóòṣì kan jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, ó gbé ìwé lé itan, ó ń kọ orúkọ àwọn ọmọ. Ó bi ọ̀kan nínú wọn pé, "Ọdún wo ni wọ́n bí ẹ?" Ọmọ náà ò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ń so okùn bàtà rẹ̀, bàtà tí wọ́n fi òwú búlúù rán ẹnu rẹ̀ bí ẹni rán àpò ẹ̀wà. Ó ní, "Èyí tó bá bọ́ sí i ni kẹ́ ẹ kọ, sà."

Kóòṣì sì kọ ọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ò dúró rárá.

Mo rẹ́rìn-ín. Kí n tó dé Sábó, ẹ̀rín ti gbẹ lẹ́nu mi.

Qatar ni gbogbo wọn ń pè lórí pápá yẹn. Ṣé ẹ mọ̀ pé Qatar ni FIFA gbé Ife Àgbáyé àwọn tí ọjọ́ orí wọn ò ju 17 lọ fún láti 2025 títí dé 2029, lọ́dọọdún, orílẹ̀-èdè 48 lẹ́ẹ̀kan náà. Ti 2025, Portugal ló gbé e lọ, àwa ò tiẹ̀ sí níbẹ̀. Fún ti 2026, ẹni tí wọ́n bí ṣáájú ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2009 ò lè gbá a. Torí náà, 2009 gan-an ni "èyí tó bá bọ́ sí i."

2009. Nínú gbogbo ọdún tí Ọlọ́run dá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ ti mọ ibi tí mò ń lọ. Ọdún yẹn ni ìdíje náà wáyé ní ilẹ̀ wa níbí. Ìbàdàn tó gbàlejò ìdíje àwọn ọ̀dọ́ àgbáyé ní 1999 ò rí i gbà lọ́tẹ̀ yẹn, Ìjẹ̀bú-Òde ló bọ́ sí lọ́wọ́ lápá ọ̀dọ̀ wa. Bọ̀dá Kẹ́hìndé, ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbá bọ́ọ̀lù nígbà náà, bínú bí ẹni pé òun ló ni pápá Ìbàdàn. Ọdún yẹn náà sì ni FIFA kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ MRI wá, tí wọ́n fi ń ya àwòrán ọrùn ọwọ́. Bí egungun ibẹ̀ bá ti so pọ̀ tán pátápátá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ẹni náà ti kọjá 17, kó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ tiwa ni wọ́n já sílẹ̀ kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ ò gbọ́ "sà."

Èmi ni mo tẹ ìwé ìbúra ọjọ́ orí Bọ̀dá Kẹ́hìndé. Mo ti fẹ́ má sọ ọ́ níbí, ṣùgbọ́n kí ni mò ń fi pa mọ́? 2008, mò ń kọ́ kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ ìyá kan tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòtù. Kóòṣì àwọn Bọ̀dá ló ní kí wọ́n lọ búra ọjọ́ orí, gbogbo wọn ló sì lọ. Ìka mi ni mo fi tẹ 1994. Bàbá wa bú u, Màámi ní kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ òun gbìyànjú. Nígbà tí ìròyìn ẹ̀rọ yẹn dé, kóòṣì náà ní kí àwọn àgbà inú wọn má wulẹ̀ dà á láàmú mọ́. Bó ṣe parí nìyẹn. Kò sẹ́ni tó tún lọ sí kóòtù lọ búra padà.

Ẹ wá wò ó. Inú kan náà, ọjọ́ kan náà ni Táíwò àti Kẹ́hìndé jáde, 1990. Lórí ìwé, ọdún mẹ́rin ni Táíwò fi ju ìkejì rẹ̀ lọ. Èmi Ìdòwú tí wọ́n bí ní 1992, tí mo tẹ̀ lé wọn wá sáyé, mo ti di ẹ̀gbọ́n Kẹ́hìndé! Ó ṣẹlẹ̀ nígbà kan tí a ń jà, mo sọ fún un pé kó kí mi dáadáa, àgbà ni mo jẹ́ sí i níwájú ìjọba. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. N kì í fi ṣeré mọ́.

Ṣé ó ti lè dé ibì kan ni? N ò mọ̀. Ó mọ bọ́ọ̀lù, àmọ́ àdúgbò wo ni kò ní ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù. Alẹ́ ọjọ́ àṣekágbá 2009, a dá owó epo jẹnẹrétọ̀. Seferovic fi orí kan kọ́nà kan wọlé, Switzerland gba ife mọ́ wa lọ́wọ́ l'Ábújá, oókan sí òdo. Bọ̀dá ò sọ̀rọ̀. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò, ó ń tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn.

Bóyá ó yẹ kí n bá ọmọ yẹn sọ̀rọ̀. Kí n ní kí ni? Gbajúmọ̀ èèyàn bíi Osimhen ti inú ìdíje yìí jáde, gọ́ọ̀lù mẹ́wàá ní Chile lọ́dún 2015. Ohun tí ọmọ yẹn ń rí nìyẹn. Èmi, kóòtù ni mò ń rí. Inú ń bí mi sí kóòṣì yẹn ju bó ṣe yẹ lọ, bóyá torí ọwọ́ rẹ̀ tí ò dúró. Ọwọ́ tèmi náà ò dúró.

Oòrùn mú lónìí. Èlùbọ́ náà ò funfun tó bí ìyá náà ṣe pariwo ẹ̀.

Mo pe Bọ̀dá Kẹ́hìndé nírọ̀lẹ́. Ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Ìlọrin, mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń gé táìlì. Mo ní, "Bọ̀dá, ọmọ ọdún mélòó lẹ jẹ́ báyìí?"

Ó ní, "Ta ló ń bèèrè?"

Mo ní kò sí o, mo kàn ń kí yín ni. Ó ní kí n bá òun kí Màámi, ó sì pa fóònù, torí simẹ́ńtì ti fẹ́ gan.