Ibo ni bọ́ọ̀lù wà?

Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ jókòó sídìí ẹ̀rọ gbohùngbohùn láti ròyìn bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá láti pápá ìṣeré Ṣọ̀ún nílùú Ògbómọ̀ṣọ́, ewì àti òwe ni mo kó lọ. Ohùn mi ròkè, mo sì gbà pé ohun tí iṣẹ́ náà ń fẹ́ nìyẹn. Ní ọjọ́ kejì, mo yà lọ́dọ̀ bàbá télọ̀ tó ń rán aṣọ fún mi ní Sábó. Bàbá kò gbójú kúrò lára ẹ̀rọ ìránṣọ tó ń fẹsẹ̀ tẹ̀ tó fi sọ pé: "Ọmọ mi, o kéwì dáadáa lánàá. Ṣùgbọ́n nígbà tí èrò hó yèè, mi ò mọ̀ bóyá ilé tiwa ni wọ́n gbá a sí tàbí tiwọn. Ibo ni bọ́ọ̀lù wà?"

Ìbéèrè yẹn ni mo fi ń kọ́ ẹni tó bá wá bá mi pé òun fẹ́ di sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ eré bọ́ọ̀lù. Ẹnu rẹ ni ẹni tó ń gbọ́ rédíò fi ń wo pápá: ta ló ni bọ́ọ̀lù, apá ọ̀tún ni àbí òsì, ó ti sún mọ́ ilé tó, ìṣẹ́jú mélòó ló kù. Iye ayò ni àwọn ọ̀dọ́ máa ń gbàgbé jù, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọkọ̀ tí awakọ̀ tan rédíò sí kò mọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀. Èmi máa ń bọ́ aago ọwọ́ mi sórí tábìlì. Bí ìṣẹ́jú méjì bá ti pé, mo ti tún iye ayò sọ.

Ewì àti ìnagijẹ ṣì láyè tiwọn. Olóògbé Ernest Okonkwo ti Radio Nigeria ló sọ Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí ní "Mathematical", orúkọ náà sì mọ́ ọn lára títí di òní, nítorí pé ó bá bí ọkùnrin náà ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù mu. Ọdẹ́gbàmí yìí ló gbá méjì wọlé nínú ayò mẹ́ta tí Nàìjíríà fi na Algeria nílùú Èkó ní 1980, tí a fi gba ife ilẹ̀ Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́.

Nígbà tí mo bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n, mo ń sọ ohun tí olùwòran ti fojú ara rẹ̀ rí. Ìdí tí ọ̀nà fi là ló fẹ́ gbọ́, nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ó fẹ́ kí n dákẹ́.

Àṣìṣe tó dùn mí jù ni ti orúkọ. Mo fi odindi àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú ṣi ohùn orúkọ ọmọkùnrin kan pè. Lẹ́yìn eré, ó wá bá mi, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, màmá mi pe àwọn ará ilé jọ sídìí rédíò, wọ́n ní àwọn kò gbọ́ orúkọ mi." Láti ọjọ́ náà, mo máa ń mú ìwé lọ bá àwọn agbábọ́ọ̀lù kí eré tó bẹ̀rẹ̀, mo sì máa ń fi àmì ohùn sórí orúkọ kọ̀ọ̀kan. Bí ọmọ náà bá jẹ́ Tiv tàbí Igbo, màá ní kó pè é lẹ́ẹ̀mẹta, èmi náà á wá pè é kí òun gbọ́.