Bíńgó ní Mọ́kọ́lá, Tanímọ̀la ní Leeds

"Ṣé lóòótọ́ ni pé £1,200 lo fi ra ajá?"

Ohùn tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp nìyẹn. Ó ti ṣírò ó sí náírà kó tó lanu. "Àwọn ọmọ tó wà nílé ìwé nílé ńkọ́? Àbí ajá ti dọmọ?" Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta, mi ò fèsì. Ẹni tó gbà pé ilẹ̀ la ti ń ṣa pọ́n-ùn nílùú òyìnbó, kí lèèyàn fẹ́ wí fún un?

A lájá ní Mọ́kọ́lá nígbà tí mo wà ní kékeré. Bíńgó ni, bí ọ̀pọ̀ ajá àdúgbò ṣe ń jẹ́ Bíńgó. Ẹ̀yìn géètì ló ń sùn, èbà àná àti egungun ló ń jẹ. Bí ilẹ̀ bá ṣú, iṣẹ́ rẹ̀ dé. Àwa mọ́kànlá la wà nínú ilé yẹn. Ta ló fẹ́ máa bá ajá sọ̀rọ̀?

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ọdún 14 rèé tí mo ti wà ní Leeds. Nígbà tí ọmọ mi kan ṣoṣo lọ sí yunifásítì, ilé dákẹ́ débi pé mò ń gbọ́ ohùn fìríìjì láti orí bẹ́ẹ̀dì. Inú ilé ni mo ti ń ṣiṣẹ́, lórí kọ̀ǹpútà. Nínú oṣù Kejìlá, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ ti ṣú. Ní Mọ́kọ́lá, kó o tó dé ọ̀dọ̀ aláta, o ti kí èèyàn mẹ́wàá, ẹnì kan á sì ti bi ọ́ pé kí ló dé tójú rẹ pọ́n. Níbí, èmi àti obìnrin tó ń gbé lápá òsì mi, ògiri kan ló là wá láàárín láti ọdún mẹ́fà, a ò sọ ju "ẹ káàárọ̀" lọ. Mo máa ń tan tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ kí n ṣáà lè gbóhùn èèyàn. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi nígbà kan pé ilé dá. Ó ní kí n lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mò ń lọ. Ọjọ́ Sunday ni ṣọ́ọ̀ṣì. Ọjọ́ mẹ́fà tó kù ńkọ́?

Ọmọ mi ní ikọ́ fée, ìdí nìyẹn tí mo fi ń wo irú ajá tí wọ́n ń pè ní Poodle nígbà tí mo fẹ́ ra ajá, torí irun rẹ̀ kì í já dà sílẹ̀ púpọ̀. Àwọn kan ní kì í yọ oníkọ́ fée lẹ́nu rárá. Kò rí bẹ́ẹ̀: itọ́ rẹ̀ àti èépá ara rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ọmọ mi kọ́kọ́ lọ jókòó ti àwọn ajá náà fún wákàtí méjì ká tó sanwó. Oríṣi mẹ́ta ni: ńlá, tó ga ju sẹ̀ǹtímítà 38 lọ níbi èjìká, kékeré, tí kò ju 28 lọ, àti ti àárín. Ti àárín ni mo mú, torí ilé mi ò gba ńlá, ẹ̀rù sì ń bà mí kí n má tẹ kékeré mọ́lẹ̀.

Láti oṣù Kẹrin ọdún 2020, òfin England ò fàyè gba alágbàtà mọ́ láti máa ta ọmọ ajá tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà. Ẹni tó sin ín gan-an lo gbọ́dọ̀ lọ bá, kó o sì rí ọmọ náà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Mo rántí ajá inú àlọ́ tó gbé ìyá rẹ̀ pamọ́ sọ́run nígbà ìyàn. Ìyá ajá tí mo bá lẹ́bàá York kò pamọ́. Ó wá gbóòórùn ọwọ́ mi. Olówó rẹ̀ mú ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ jáde, torí àìsàn ìdílé kan wà tó ń fọ́ Poodle lójú díẹ̀díẹ̀. Bí akọ àti abo bá jọ gbé e, tí ojú tiwọn sì dá ṣáṣá, ojú ọmọ wọn lè fọ́. Kò ní láti ṣàlàyé jù fún mi. AS àti AS ni!

Ọmọ mẹ́rin ni wọ́n. Méjì já mọ́ okùn bàtà mi. Ẹ̀kẹta kò kúrò lábẹ́ àga. Ẹ̀kẹrin dúró, ó wò mí dáadáa, ó wá rọra jókòó tì mí lẹ́sẹ̀. Òun ni mo gbé nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, mo sì sọ ọ́ ní Tanímọ̀la, bí àwọn àgbà ṣe máa ń fi orúkọ ajá pòwe. Àwọn òyìnbó gé e sí Tammy.

Mo rò pé ọlọ́gbọ́n ajá ni èyí tó ń gbọ́ràn. Àṣé ajá tó ń kọ́ ìwà rẹ ni. Bí mo bá ti ń wá bàtà, ó ti lọ jókòó lórí báàgì mi. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, mi ò lè da ilẹ̀ nù lẹ́nu ọ̀nà kó má hu. Torí mi ò lè dá gbé ni mo ṣe rà á, òun náà ò sì lè dá gbé. Ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú méjì, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń kọ́ ọ pé bí mo bá jáde, màá padà wá.

Irun nìkan ni kò yọ mí lẹ́nu. Irun rẹ̀ ń hù ṣáá bíi tiwa ni. Tó o bá ya òkè nìkan, ìdí á ta kókó. Mo máa ń wọ́n omi sí i, màá fi ìlàrun pín in lọ́nà lọ́nà, màá yà á láti ìdí dé orí, bí mo ṣe ń ṣe orí ọmọ mi tẹ́lẹ̀. Obìnrin tó ń bá mi gé irun rẹ̀ bi mí pé ta ló kọ́ mi. Iye tó ń gbà lọ́sẹ̀ mẹ́fà mẹ́fà ju owó irun tèmi lọ, ẹ̀gbọ́n mi ò sì ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Obìnrin apá òsì ti kanlẹ̀kùn mi báyìí. Ajá ló wá kí. Kò tíì mọ orúkọ mi, àmọ́ ó mu tíì.

Ẹ̀gbọ́n mi ní tí mo bá wálé, mi ò ní nílò ajá. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Leeds ni oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru Màámi ti ń wá lóṣooṣù, Leeds náà lowó ilé ìwé àwọn ọmọ tó ń fi bú mi ti wá. Bí mo bá wà nílé, gbogbo wa ni à bá jọ máa yáwó.

Lọ́jọ́ Sunday, Màámi rí Tanímọ̀la lórí fóònù. Wọn ò béèrè iye tí mo rà á.

"Ìyá ẹ̀ ńkọ́?"

"Ó wà lẹ́bàá York, Mà."

"Ṣé ó máa ń lọ wò ó?"

"Rárá, Mà."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní kí n gbé e sún mọ́ fóònù káwọn rójú ẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí pé ìgbà wo ni mò ń bọ̀.