Ọmọ tó jókòó sórí kẹ̀kẹ́ màlúù: ohun tí yíya ogun Lakiṣi kọ́ mi

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń fi ọwọ́ ya fíìmù kàtúùnù, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ya ogun, ńṣe ni àwọn ọmọ iléèwé pàtẹ́wọ́ sí i. Fíìmù ìṣẹ́jú kan péré ni, oṣù mẹ́ta ni mo sì fi yà á. Àwọn ọmọ ogun ń já bọ́ láti orí odi, orí ń fò, ẹ̀jẹ̀ ń tú jáde bí omi ẹ̀rọ tó bẹ́. Mo gbé e lọ sí kíláàsì àwọn ọmọ ọdún 13 sí 14 tí olùkọ́ wọn yọ̀ǹda fún mi, mo sì rò pé jìnnìjìnnì máa bò wọ́n. Gbogbo ìgbà tí orí kan bá fò ni wọ́n ń hó yèè. Ọ̀kan nínú wọn bẹ̀ mí pé kí n tún un gbé sí i. Nígbà tí mo délé lálẹ́ ọjọ́ náà, oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun mi.

Àwọn ọmọ náà ò jẹ̀bi. Láti kékeré ni gbogbo wa ti ń wo ológbò tó jábọ́ láti orí àpáta, tó fẹ̀ pẹlẹbẹ mọ́lẹ̀, tó tún gbọnra nù tó sì dìde. Ojú wa ti mọ̀ pé ara tí wọ́n fi pẹ́ńsù yà kì í kú. Ẹni tó bá fẹ́ fi irú ìlà bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ ikú, ó ní láti kọ́kọ́ mú kí ara náà wúwo. Èmi ò fún wọn ní ìwúwo kankan. Bákan náà ni gbogbo ọmọ ogun mi ṣe ń ṣubú, torí pé ẹyọ kan ni mo yà tí mo sì ń yí i po. Ẹ̀jẹ̀ tí mo dà lé e lórí ò lè tún un ṣe, nítorí ọ̀dà lásán ni ẹ̀jẹ̀ nínú kàtúùnù.

Ìtàn tí mo padà mú ṣe iṣẹ́ ni ti Lakiṣi. Àwa tí a lọ iléèkọ́ ọjọ́ ìsinmi ti gbọ́ orúkọ Sennakeribu, ọba Asiria, tó gòkè wá bá àwọn ìlú olódi Juda nígbà ayé Hesekiah. Ó wà nínú Ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí 18. Bíbélì dárúkọ Lakiṣi níbẹ̀, ìlú tí Hesekiah ránṣẹ́ ẹ̀bẹ̀ sí ọba náà, ṣùgbọ́n kò ròyìn bí ìlú náà ṣe ṣubú. Ọdún 701 ṣáájú ìbí Kristi ni. Ọba náà fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n gbẹ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ sára ògiri òkúta nínú ààfin rẹ̀ ní Ninefe. Awalẹ̀pìtàn Austen Henry Layard hú àwọn òkúta náà jáde lẹ́bàá Mosul, ní orílẹ̀-èdè Ìráàkì òde òní, láàárín ọdún 1845 sí 1851. Inú British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n wà, nínú yàrá kan tí ó jẹ́ tiwọn nìkan, owó ìwọlé kò sì sí. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílùú Ọba, ẹ mú ìwé àti pẹ́ńsù lọ. Ẹ jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ máa yà á. Ẹni tó bá wò ó nínú fọ́nrán lásán kò tíì rí i.

Ohun tó kọ́kọ́ mú mi ni ọkùnrin kan tó wà nínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gún odi. Àwọn ará ìlú ń ju ògùṣọ̀ iná sọ̀ kalẹ̀ láti òkè kí ẹ̀rọ náà lè jó. Ọkùnrin yìí mú ohun kan tó dà bí ìgbakọ olọ́wọ́ gígùn dání, ó ń bu omi lé iwájú ẹ̀rọ. Mo dúró tì í fún bí wákàtí kan. Iṣẹ́ tirẹ̀ lójú ogun nìyẹn, kó máa bu omi. Mo rí i pé láti àárọ̀ ọjọ́ náà ni yóò ti máa bù ú, apá rẹ̀ á ti máa ro ó. Ọmọ ogun tí mo yà sínú fíìmù àkọ́kọ́ ò níṣẹ́ kankan ju pé kó bú ramúramù lọ.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé iṣẹ́ àṣelàágùn ni ogun àtijọ́. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkúta tí àwọn ará Asiria kó jọ láti fi gun odi Lakiṣi ṣì wà níbẹ̀ títí di òní, ní Tel Lachish, ní Ísírẹ́lì. Awalẹ̀pìtàn David Ussishkin àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wa ilẹ̀ ibẹ̀ láti ọdún 1973 títí wọ 1994. Wọ́n rí ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún orí ọfà níbẹ̀, wọ́n rí òkúta kànnàkànnà. Wọ́n tún rí i pé àwọn ará ìlú náà kó òkìtì tiwọn jọ sínú odi, ní òdìkejì ibi tí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà ti ń bọ̀, kí wọ́n lè dúró lé e bí odi bá wó. Ìwádìí mìíràn tó jáde lẹ́yìn náà ṣírò pé òkúta gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà tó mílíọ̀nù 3, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bíi kílò 6.5. Mo gbé òkúta oníkílò mẹ́fà kan nílé, mo rìn yí ilé ká lẹ́ẹ̀mẹwàá, lẹ́yìn náà ni mo tó jókòó yà á. Bí ẹ̀yìn ṣe ń tẹ̀, bí orúnkún ṣe ń là síta, bí ènìyàn ṣe máa ń fi itan ti òkúta kó tó lè pa ọwọ́ dà, ẹ kò lè fi orí rò ó.

A máa ń sọ pé ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Mo ronú lé òwe yìí lórí gan-an nígbà tí mo ń ya gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà. Àwọn ará Lakiṣi gbọ́ ogun yìí, wọ́n rí i, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wo bó ṣe ń ga sí i ní ìwọ̀n òkúta kan sí òmíràn, wọn ò sì ní ibi tí wọ́n lè gbà jáde. Mo ya obìnrin kan tó ń sá aṣọ lórí òrùlé. Ní àárọ̀ kìíní, ìsàlẹ̀ ni ó ń wò kó tó rí òkìtì òkúta náà. Ní àárọ̀ tó tẹ̀ lé e, ojú rẹ̀ gòkè díẹ̀. Mo ya àárọ̀ mẹ́fà báyìí. Ní ìkẹfà, ó ń wo ọ̀gangan iwájú rẹ̀, kò sì sá aṣọ mọ́. Kò sí ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan níbẹ̀, síbẹ̀ ìyẹn ló tíì burú jù nínú gbogbo ohun tí mo ti yà rí.

Nípa ọfà, ọ̀rọ̀ kúkúrú ni mo ní. Ẹ má ya á lójú òfuurufú. Àwòrán 12 la máa ń yà fún ìṣẹ́jú àáyá kan, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan á fara hàn lẹ́ẹ̀mejì kó lè di 24. Ọfà tó ń sáré mítà 40 ní ìṣẹ́jú àáyá kan á ti rin ju mítà 3 lọ láàárín àwòrán kan sí èkejì. Ẹni tí ọfà máa bà dúró. Nínú àwòrán tó tẹ̀ lé e, ọfà ti wà lára rẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ojú ẹni tó ń wo fíìmù ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ẹ tún yẹ ohun ìjà wò dáadáa. Mo ti fi irin tí ẹlẹ́ṣin máa ń ki ẹsẹ̀ bọ̀ sára ẹṣin àwọn ará Asiria kí n tó gbọ́ pé kò tíì sí irú rẹ̀ láyé nígbà náà. Àwòrán tó lé ní igba ni mo fi rọ́bà pa tí mo sì tún yà.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tó ká mi lára jù. Fún oṣù mélòó kan, ńṣe ni mo ń da ohun tó wà lára ògiri òkúta náà kọ, mo ń fún un ní ẹ̀mí. Ọ̀gá kan tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí wo ohun tí mo ṣe, ó sì bi mí pé, "Ojú ta lo fi ń wò ó?" Mi ò rí èsì fọ̀. Mo padà sí iwájú òkúta náà, mo sì rí ohun tí kò hàn sí mi tẹ́lẹ̀. Kò sí ará Asiria kankan tó kú nínú rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ọba tó jókòó lórí àga ni gbogbo ìlà ń sáré lọ, àkọlé tó wà níwájú rẹ̀ sì sọ pé ìkógun Lakiṣi ń kọjá níwájú òun. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta wà tí wọ́n fi òpó ṣóńṣó gún, tí wọ́n nà sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ odi. Àwọn mìíràn wà tí wọ́n nà sílẹ̀, tí wọ́n ń bó awọ ara wọn. Ọba ló fẹ́ kí a rí gbogbo èyí, kí ẹ̀rù rẹ̀ lè ba àlejò tó bá wọ ààfin. Èmi náà wá ń bá a fọn fèrè ìṣẹ́gun rẹ̀, lẹ́yìn ẹgbẹ̀rún ọdún méjì àti ẹẹ́dẹ́gbẹ̀rin tí ìyẹn ti kọjá.

Mo da ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ náà nù. Mo wá ojú mìíràn nínú òkúta kan náà, mo sì rí i: kẹ̀kẹ́ ẹrù tí màlúù ń fà jáde nínú ìlú, tí àwọn obìnrin àti ọmọdé jókòó lé lórí, tí àwọn mìíràn ń fẹsẹ̀ rìn pẹ̀lú ìborùn gígùn tó bò wọ́n láti orí dé ọrùn ẹsẹ̀. Mo gbé ojú fíìmù náà sọ̀ kalẹ̀ sí ibi tí ojú ọmọ tó wà lórí kẹ̀kẹ́ yóò wà. Láti ibẹ̀, òpó ni ẹ óò kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà àtẹ́lẹsẹ̀ ènìyàn. Ìyá rẹ̀ wá fa ojú rẹ̀ sínú ìborùn. Ìṣẹ́jú àáyá kan àti díẹ̀ ni. Àwọn kan sọ fún mi pé kí n yọ ọ́ pátápátá, mi ò gbà, torí ẹni tó bá yọ ọ́ ti bá ọba náà fọ ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Àwọn mìíràn ní kí n jẹ́ kó pẹ́ sí i. Mi ò gbà ìyẹn náà. Ìwọ̀n tí ìyá á fi pẹ́ kó tó yí ojú ọmọ rẹ̀ kúrò ni ìwọ̀n tí mo lò.

Ọgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ mú dání. Bí a bá fi àwòrán kan ṣoṣo sílẹ̀ lójú fíìmù fún ìgbà díẹ̀, á dà bíi pé ẹ̀rọ há. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń da ẹni tó dúró jẹ́ẹ́ kọ lẹ́ẹ̀mẹta lórí tábìlì oníná, tí a ó sì máa yí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta po. Ọwọ́ ènìyàn kò lè fa ìlà kan náà lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n bára mu délẹ̀, ìyàtọ̀ bíńtín yẹn ló ń mú kí ìlà máa gbọ̀n bí ohun tó ń mí. Gbogbo wa la mọ èyí. Ohun tí mo ṣe ni pé ẹni tó bá ti kú nínú fíìmù mi, mo dá ìlà rẹ̀ dúró. Àwòrán kan, kò sí èkejì. Koríko tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, aṣọ ẹni tó kúnlẹ̀ tì í ń gbọ̀n, òun nìkan ni kò gbọ̀n. Ẹni tó ń wo fíìmù lè má mọ ohun tó rí, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ á mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rọ kò lè ṣe èyí fún yín bó ṣe yẹ, àfi ọwọ́.

Ẹ sì tọ́jú ara yín. Ẹni tó ń ya ikú ń yà á lẹ́ẹ̀méjìlá fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Oṣù tí mo fi ya àwọn ọkùnrin orí òpó, mi ò lè sùn dáadáa, mo ń bú mọ́ àwọn ará ilé. Nígbà tó yá, mo fi òfin lé e: kò sí yíya ikú lóru, kò sì gbọdọ̀ ju wákàtí méjì lọ lójúmọ́. Bí wákàtí méjì bá ti pé, màá ya ẹsẹ̀ màlúù. Mo ya ẹsẹ̀ màlúù púpọ̀ lọ́dún náà, wọ́n sì dára.

Fíìmù náà parí sí ìṣẹ́jú 5 àti ààbọ̀. Mo gbé e padà sí iléèwé yẹn. Kíláàsì mìíràn ni, ọjọ́ orí kan náà. Kò sẹ́ni tó hó. Lẹ́yìn tó parí, ọmọbìnrin kan na ọwọ́ sókè, ó bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ibo ni wọ́n ń gbé ọmọ orí kẹ̀kẹ́ yẹn lọ?" Mo sọ fún un pé sí ilẹ̀ Asiria ni. Mo sọ fún un pé Sennakeribu kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun kó ènìyàn 200,150 jáde láti àwọn ìlú Juda nínú ogun yẹn, àti pé kò sí orúkọ ọmọ yìí níbì kankan. Ó ní, "Ṣùgbọ́n ó ṣì ń mí nígbà tó parí."

Òótọ́ ni. Mo ti jẹ́ kí ìlà rẹ̀ máa gbọ̀n títí dé bébà tó kẹ́yìn.