PlayStation 5: ibi tí ọwọ́ ti kọ́kọ́ máa ń ṣì
Ẹni tí ẹ̀rọ géèmù PS4 (PlayStation 4) ti mọ́ lára ni PS5, èyí tó tẹ̀ lé e, máa dà láàmú jù, bọ́tìnì PS tó wà lára páàdì ìtagéèmù ló sì fà á. Lórí PS4, tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, wàá bọ́ sójú ìbẹ̀rẹ̀. Lórí PS5, ọ̀wọ́ àwọn àmì kéékèèké ló máa yọ nísàlẹ̀ tẹlifíṣọ̀n, géèmù á ṣì wà lẹ́yìn wọn. Tó o bá fẹ́ padà sójú ìbẹ̀rẹ̀, tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀ kó o tó fi í sílẹ̀. Láàárín àwọn àmì yẹn náà lo ti máa pa ẹ̀rọ. Ó burú díẹ̀, àmọ́ ọjọ́ méjì ni, ọwọ́ á mọ̀ ọ́n.

Ààyè tí ẹ̀rọ ń kó géèmù àti fídíò pamọ́ sí ni kó o tètè mójú tó. 825 GB ló wà nínú èyí tó kọ́kọ́ jáde ní 2020, ṣùgbọ́n nǹkan bíi 667 GB lo máa rí lò. Síbẹ̀, tó o bá ti gba trophy kan (àmì ẹ̀yẹ tí géèmù máa ń fúnni), ẹ̀rọ á fi fídíò rẹ̀ pamọ́ fúnra ẹ̀, ìyẹn náà á sì gba ààyè. Wọ Settings, kó o lọ sí Captures and Broadcasts, lẹ́yìn náà Trophies, kó o pa Save Trophy Videos.