Ìṣẹ́jú 47, àáyá 40

Ẹ kú ìmúra ọdún o, ẹ̀yin tèmi nínú ẹgbẹ́ eré sísá wa n'Íbàdàn. Ẹ mọ̀ pé tó bá ti kù dẹ̀dẹ̀ kí ọdún parí, mo máa ń jókòó ka iye kìlómítà tá a sá, iye kánfáàsì tó já, àti ẹni tí òkè Mọ́kọ́lá kọ́kọ́ dá padà. Ti ọdún yìí ò ṣe é kà bẹ́ẹ̀. Lálẹ́ àná mo gbé ìwé tí mo máa ń kọ gbogbo ẹ̀ sí, mò ń ṣí i lọ, ojú mi ò dúró síbì kankan àfi ojú ewé kan ní oṣù keje tí omi ti pa tàdáwà ibẹ̀ rẹ́. Ohun kan ṣoṣo ló ṣì ṣeé kà níbẹ̀: 47:40.

Kí n tètè sọ ìyókù. A lọ sí Lagos City Marathon ní oṣù kejì. Àwa mẹ́ta la sá gbogbo kìlómítà 42 àti mítà 195 náà. Áfáà, ọ̀kan nínú wa, sunkún lórí Third Mainland Bridge, ó ní kòkòrò ló kó sí òun lójú. A dé Okpekpe náà, ní ìpínlẹ̀ Edo, níbi tí wọ́n ti ń sá eré kìlómítà 10 láti ọdún 2013. Àwọn òkè ibẹ̀ ò mọ ojú àlejò. Oṣù kẹta, n ò rántí nǹkan kan. Oṣù kẹrin ni Ẹ̀gbọ́n Tíṣà papò dà.

Mo kọ gbólóhùn yẹn tán, mo dìde lọ mu omi, mo padà wá, mo tún dìde. Ẹ jẹ́ n sọ ti àmàlà ná. Ẹ rántí bí Ẹ̀gbọ́n ṣe máa ń ṣe ní Bódìjà tá a bá sá tán ní Sátidé. Wọn á ra ọkà méjì péré, wọn á na abọ́, wọn á ní, "Ìyá, ẹ̀ní mi dà?" Ìyá olóúnjẹ á fi díẹ̀ sí i. Wọn á tún béèrè ẹ̀ní gbẹ̀gìrì, wọn á béèrè ẹ̀ní ewédú, títí ẹ̀ní á fi pọ̀ ju ohun tí wọ́n fowó rà lọ. Ọjọ́ kan ni ìyá náà gbé ìpọnkà sílẹ̀ tó ní, "Tíṣà, ẹ ò kúkú mú èmi gan-an lọ sílé bí ẹ̀ní!" Áfáà rẹ́rìn-ín títí ọbẹ̀ fi gba imú ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ni wọ́n kọ́ mi ní eré sísá ní Liberty Stadium, Òkè Àdó. Orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni pápá náà ń jẹ́ báyìí, ṣùgbọ́n Ẹ̀gbọ́n ò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Ọmọ tuntun kan ò ní wọ ibẹ̀ kí wọ́n má kọ́kọ́ sọ fún un pé ibẹ̀ ni Dick Tiger ti na Gene Fullmer nínú ẹ̀ṣẹ́ kíkàn lọ́dún 1963. Lẹ́nu wọn, iye àáyá ni oríkì. Tí wọ́n bá ti ní "49.10," a mọ̀ pé Falilat Ògúnkọ̀yà ni wọ́n ń kì, nítorí iye tó fi sá 400 mítà nìyẹn ní Olympics Atlanta lọ́dún 1996, tó fi gba ipò kẹta. Lọ́dún 2022, lóru ọjọ́ tí Tóbi Amúsàn fi àáyá 12.12 sá eré 100 mítà onífífo-igi ní Eugene, ilẹ̀kùn mi ni Ẹ̀gbọ́n wá ń lù ní ọ̀gànjọ́, tí wọ́n ń pariwo "Méjìlá, méjìlá!" Àwọn ará àdúgbò mú igi jáde.

Ẹ̀gbọ́n náà ni wọ́n sọ fún Ìyá Ìbejì, ọ̀kan nínú àwa tá a jọ ń sáré, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí pé, "Kí ọdún ó tó parí, ẹ máa sá kìlómítà 10 yẹn kí wákàtí kan tó pé." Iye tó dáa jù tí Ìyá Ìbejì ti sá rí ni wákàtí kan lé ìṣẹ́jú kan àti ogún àáyá. Ẹ rí i pé kò jìnnà.

Lẹ́yìn ìsìnkú, n ò sunkún. Eré ni mò ń sá. Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n fún mi ní fèrè wọn, mo fi í kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, mo jáde lọ sá eré. Mo gbé ìlérí tí wọ́n ṣe fún Ìyá Ìbejì, mo sọ ọ́ di gbèsè tí òkú jẹ tí alààyè gbọ́dọ̀ san. Oṣù karùn-ún, oṣù kẹfà, mo lé obìnrin yẹn gun òkè Mọ́kọ́lá bí ẹni pé ọlọ́pàá ló wà lẹ́yìn wa. Ọ̀fọ̀ ni mò ń sá fún, àmọ́ ẹsẹ̀ Ìyá Ìbejì ni mo fi ń sá a.

Ó wá di oṣù keje. Eré kìlómítà 10 kan ní ìlú kan tí ò jìnnà sí wa. N ò ní dárúkọ ẹ̀. Aago mẹ́rin ìdájí la gbéra ní Challenge. Nínú ọkọ̀, Ìyá Ìbejì fi ìborùn wé orí, ó fi orí ti gíláàsì, ó sì ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta péré ló ti lo oògùn ibà tán. Mo mọ̀. Mo ní, "Ìyá Ìbejì, ṣé kò sí?" Ó ní, "Kò sí, Kóòṣì." Ìdáhùn tí mo fẹ́ gbọ́ nìyẹn, mo sì gbà á lẹ́nu ẹ̀ kíá, bí ẹni tí wọ́n san owó fún.

Aago mẹ́fà ààbọ̀ ló yẹ kí eré bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní a máa dúró de ẹni ńlá kan tó fẹ́ ta àsíá. Aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó dé. Òjò ti rọ̀ lóru mọ́jú, oòrùn wá yọ sórí ilẹ̀ tútù yẹn. Ẹni tó bá ti ń sáré lọ́dọ̀ wa mọ oòrùn ẹ̀yìn òjò. Atẹ́gùn ti mu omi yó, òógùn á jáde, kò ní rí ibi gbẹ sí. Gbígbẹ òógùn ló sì ń tu ara. Tí kò bá ti gbẹ, ooru tí iṣan ń dá sílẹ̀ á máa kún inú ẹni bí omi tí wọ́n ń pọn sínú ìkòkò. Mo mọ èyí náà. Mo ti fi kọ́ yín láìmọye ìgbà.

Mo dúró sí kìlómítà kẹjọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ àwọn tó ń lẹ táyà. Bí Ìyá Ìbejì ṣe yọ, mo wo aago: ìṣẹ́jú 47, àáyá 40. Bó bá fi lè sá kìlómítà méjì tó kù bó ṣe ń bọ̀ yẹn, á wọlé kí wákàtí kan tó pé. Inú mi dùn débi pé mo fò sókè. Mo kígbe, "Ẹ tẹ̀ ẹ́! Ẹ tẹ̀ ẹ́, ó ti bọ́ sí i!" Ẹsẹ̀ ẹ̀ ti ń ta kora. Ojú ẹ̀ ti yí. Mo rí gbogbo ẹ̀, n ò wò ó.

Ó kọjá mi bí igba mítà, ó wá yà kúrò ní títì, ó rọra wọ inú oko àgbàdo kan bí ẹni tó ń lọ sílé ara ẹ̀. Àgbàdo yẹn ti ga jù ú lọ. Mo rí i tí àwọn òkè ẹ̀ mì, lẹ́yìn náà, n ò rí nǹkan kan mọ́.

Ìgbà tí mo fi débẹ̀, ó ti ṣubú sáàárín ebè méjì, ara ẹ̀ gbóná bí ààrò. Èrò pé lé wa lórí. Ẹnì kan mú ṣíbí wá, ó ní ká fi la eyín ẹ̀. Ẹnì kan ní ká gbé e sórí ọ̀kadà kíákíá. Mo pe Sisí Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ n'Íbàdàn lọ́jọ́ yẹn, mo fi sí gbangba. Ó ní, "Kóòṣì, ẹ má gbé e lọ síbì kankan. Ẹ kọ́kọ́ tù ú lára, kẹ́ ẹ tó máa wá ọkọ̀. Yìnyín! Abẹ́ apá, ọrùn, àárín itan." Níbo ni mo ti fẹ́ rí yìnyín nínú oko àgbàdo? Ìyá kan tó ń ta ẹlẹ́rìndòdò létí títì gbọ́ ohùn Sisí nínú fóònù. Kò béèrè nǹkan kan. Ó da gbogbo ìgò ẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé kúlà náà ru, ó gba àárín ebè wá. Áfáà ń ka àdúrà, ó sì ń fi eyín ya omi inú ọ̀rá sí i lára lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá ẹlẹ́rìndòdò tú gèlè ẹ̀, ó fi di yìnyín, ó tì í bọ abẹ́ apá ẹ̀ bí ẹni tó ń tọ́jú ọmọ ara ẹ̀.

Ó pẹ́ díẹ̀, Ìyá Ìbejì la ojú. Ojú mi ló ń wò, àmọ́ èmi kọ́ ló rí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n Tíṣà, ṣé wákàtí kan ò tíì pé?"

Ibẹ̀ ni mo ti sunkún tí n ò sun láti oṣù kẹrin. Inú ẹrẹ̀, lójú gbogbo ayé.

Ẹ jẹ́ n sọ ti kúlà yẹn. Mo padà lọ sọ́dọ̀ ìyá ẹlẹ́rìndòdò lọ́sẹ̀ kejì, mo mú owó yìnyín, owó ìgò mẹ́ta tó fọ́, àti gèlè tuntun dání. Ó gba gèlè. Ó gba owó ìgò. Ó kọ owó yìnyín, ó ní yìnyín á kúkú yọ́ náà ni. Ó wá ní tí mo bá tún ń bọ̀ ní ìlú àwọn, kí n má sáré wá, kí n wọkọ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Ìyá Ìbejì lò ní ilé ìwòsàn. Nígbà tá a gbé e débẹ̀, lẹ́yìn gbogbo yìnyín yẹn, ooru ara ẹ̀ ṣì jẹ́ 39.6. Dókítà ní tá a bá ti kọ́kọ́ gbé e sáré kiri ká tó tù ú lára ni, ọ̀rọ̀ mìíràn là bá máa sọ. Kídìnrín ẹ̀ ò bàjẹ́. Orí ẹ̀ pé. Mo dúpẹ́, mo tún ọpẹ́ dá.

Bàbá Ìbejì dé lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, kánfáàsì ìyàwó wọn wà lọ́wọ́ mi, ó kún fún ẹrẹ̀. Wọn ò sọ̀rọ̀. Wọ́n kàn na ọwọ́, wọ́n gba bàtà náà lọ́wọ́ mi, wọ́n tú okùn ẹ̀ tí mo ti so pọ̀, wọ́n sì wọlé. Fún odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọn ò gbé fóònù mi.

Ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi rí eré kankan nínú àwòrán wa ní oṣù kẹjọ. Òjò dáwọ́ dúró díẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, mo fi aago sílẹ̀ nílé, a kàn ń rìn kiri. A gun Layípo ní Òkè Àrẹ̀mọ, ilé gogoro tí wọ́n kọ́ lọ́dún 1936, a sì dúró lókè ń tọ́ka sí òrùlé ìyá olúkúlùkù. A lọ wo omi Olúmirin ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Áfáà ní òun máa dé ìpele keje, ìpele kejì ló ti jókòó tó ń jẹ ẹ̀pà.

Adó-Àwáyè ni mo fẹ́ sọ dáadáa. Ìparí oṣù kẹjọ ni. Dókítà ti ní Ìyá Ìbejì lè máa rìn, Bàbá Ìbejì sì ní tó bá máa lọ, àwọn náà ń lọ. Àwọn ni wọ́n gbé báàgì. Àtẹ̀gùn 369 ló wà níbẹ̀, gbogbo ogún ogún la dúró. A dé etí Ìyákẹ́, adágún omi tó jókòó sórí àpáta yẹn, ìkùukùu ṣì wà lójú omi. Kò sẹ́ni tó pariwo. Mo ti múra ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ láti ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, nígbà tó yá, n ò rántí ọ̀kan níbẹ̀. Mo kàn dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ọkùnrin yẹn. Ó pẹ́ kí wọ́n tó fèsì. Wọ́n ní, "Kóòṣì, ẹ dìde. Àpáta yìí ń yọ̀. Tẹ́ ẹ bá ṣubú, ta ló fẹ́ gbé yín sọ̀ kalẹ̀?" Ìyá Ìbejì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, pẹ̀lú omi lójú.

Láti oṣù kẹsàn-án, ẹ ti mọ bá a ṣe ń ṣe. Kí ẹnikẹ́ni tó so okùn bàtà, á sọ bó ṣe sùn, á sọ bóyá ara ń gbóná, á sọ bí ìtọ̀ ẹ̀ ṣe rí. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lo oògùn ibà, ọ̀sẹ̀ méjì, ìrìn ni tiẹ̀. Eré tí wọn ò bá bẹ̀rẹ̀ lásìkò tí oòrùn sì ti ga, ilé la máa lọ. A ṣe é lóòótọ́ ní oṣù kẹwàá: a kó ara wa sọ́kọ̀ nígbà tí àwọn yòókù ṣì ń dúró. Méjì nínú àwọn ọmọ bínú kúrò nínú ẹgbẹ́ nítorí ẹ̀. Ó dùn mí, àmọ́ mo máa tún un ṣe.

Sisí Nọ́ọ̀sì, Ọlọ́run á máa gbọ́ ohùn tìẹ náà. Áfáà, eyín ẹ ò ní ká. Fèrè Ẹ̀gbọ́n ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Sátidé tó kọjá, mo mú un dé ẹnu ọ̀nà Yunifásítì, mo gbé e sẹ́nu, mo tún dá a padà sápò. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀.

Lánàá ni Ìyá Ìbejì fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé òun ti forúkọ sílẹ̀ fún kìlómítà 10 ti Èkó ní oṣù kejì. N ò fèsì. Mo lọ bá a nílé láàárọ̀ yìí. Ó ń ro àmàlà, àwọn ìbejì ń jà nídìí tẹlifíṣọ̀n, Bàbá Ìbejì ń ka ìwé ìròyìn. Mo jókòó sórí àpótí nínú ilé ìdáná, mo ń wo ojú ẹ̀. Ó ní, "Kóòṣì, kí lẹ̀ ń wò lójú mi?" Mo ní mò ń wò ó bóyá ibà wà níbẹ̀ ni. Ó ṣe ṣìọ̀. Ó bu ọkà méjì fún mi, ó da gbẹ̀gìrì sí i, ó da ewédú sí i, ó gbé e síwájú mi.

N ò mọ ìgbà tó bọ́ lẹ́nu mi. Mo ní, "Ẹ̀ní mi dà?"

Ó dúró, ìpọnkà wà lọ́wọ́ ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tún ṣí ìkòkò.